Kóòṣì Tó Rú Òfin Ara Rẹ̀

Olùkọ́ ìṣirò ni, òun náà ló sì ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ilé-ìwé wọn ní bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n, èyí tí gbogbo ọmọ ń pè ní básíkẹ́ẹ̀tì. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ni Sà Rọra, nítorí pé "ẹ rọra" kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ẹ rọra sáré. Ẹ rọra fò. Bí wọ́n bá ń mu omi pàápàá, á ní kí wọ́n rọra mu ún. Lọ́jọ́ eré, òun ló máa ń kọ́kọ́ dé pápá. Á gbá iyanrìn kúrò lórí sìmẹ́ńtì, á fọwọ́ mi òpó àwọ̀n bóyá ó ń yẹ̀, á wo ìdè bàtà ọmọ kọ̀ọ̀kan, á ní kí ẹni tó wọ yẹtí yọ ọ́. Tí oòrùn bá mú jù, á ní kí wọ́n dúró di ìgbà tó bá rọlẹ̀. Àwọn kóòṣì yòókù máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí wọ́n bá ní kó kọ́ ẹja bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́, á kọ́kọ́ bèèrè bóyá omi náà ò jìn jù. Òun náà á bá wọn rẹ́rìn-ín, á sì padà sídìí òpó tó ń mì.

Ó ní òfin mẹ́jọ tó kọ sára páálí, tó lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn yàrá tí wọ́n ń kó bọ́ọ̀lù sí. Bíró dúdú ló fi kọ méje àkọ́kọ́. Ìkẹjọ, pupa ni: Ẹni tó bá forí gbá nǹkan, tàbí tí nǹkan bá gbá lórí, eré ọjọ́ yẹn ti parí fún un. Kò gbọdọ̀ padà wọ pápá títí dókítà á fi kọ̀wé. Kò sí àwíjàre.

Níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn kóòṣì ló ti rí òfin yẹn kọ́. Dókítà obìnrin kan ló bá wọn sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Ó mú ẹyin tútù kan, ó kì í sínú ìbọ̀sẹ̀ gígùn, ó sì ń fì í yíká bí ẹni tó fẹ́ ta kànnàkànnà. Nígbà tó yọ ẹyin náà jáde, kò sán rárá. Ó wá fọ́ ọ sínú àwo níwájú wọn. Pupa rẹ̀ àti funfun rẹ̀ ti dàrú mọ́ra.

"Èèpo ò sọ nǹkan kan fún yín," ni dókítà wí. "Bí agbárí ṣe rí nìyẹn. Ọmọ á dìde, á gbọn ara ẹ̀ nù, á ní kò sí nǹkan. Ẹ̀ẹ̀kan ṣì lè san. Ṣùgbọ́n tí nǹkan bá tún gbá a kí àkọ́kọ́ tó jinná, ẹ má wá pè mí."

Ìyàwó Sà Rọra ń ránṣọ. Yàrá iwájú nílé wọn ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀: ẹ̀rọ ìránṣọ kan lójú fèrèsé, àjákù aṣọ nílẹ̀, òwú lórí àga, òwú lórí tẹlifíṣọ̀n. Tíṣà mi ló ń pe ọkọ rẹ̀. Ọmọ mẹ́ta ni wọ́n bí. Àwọn méjì àgbà ti dẹni ara wọn, wọ́n ti lọ síbi iṣẹ́ àti ilé ọkọ. Àbígbẹ̀yìn ló kù nílé, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ sì ni gbogbo ilé-ìwé ń pè é. Òun ni olórí ikọ̀ bọ́ọ̀lù náà. Kì í ṣe nítorí bàbá rẹ̀. Kò kàn sí ẹni tó lè ju bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ ni.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe bọ́ọ̀lù ni ìyá rẹ̀ fẹ́ràn jù lára rẹ̀. Ẹnu ni. Ẹnu ọmọ náà ò mọ ìsinmi. Bó bá ti ilé-ìwé dé, á jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, á bẹ̀rẹ̀ sí í sín gbogbo ayé jẹ: ọ̀gá ilé-ìwé tó ń fi imú sọ̀rọ̀, oníbàárà tó ní aṣọ òun ń sún kì láìmọ̀ pé òun ló ń sanra, àti bàbá tó bí i. Fún bàbá rẹ̀, á na ìka kan sókè, á ki ohùn nípọn: "Ìwọ afẹ́fẹ́ yẹn, rọra fẹ́!" Ìyá rẹ̀ á rẹ́rìn-ín títí aṣọ tó ń rán á fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Tíṣà mi, ẹ wá gbọ́ ohun tí ọmọ yín ń sọ."

Àdéhùn kan wà láàárín bàbá àti ọmọ. Nílé, Bàámi ni. Láti ẹnu géètì ilé-ìwé wọlé, Sà ni, kí àwọn ọmọ yòókù má bàa sọ pé ó ń ṣojúsàájú. Fún ọdún mẹ́rin, ọmọ náà ò ṣì í pè rí.

Ní sáà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ikọ̀ náà ń gbá bọ́ọ̀lù bí ẹni pé wọ́n jókòó jẹun pa pọ̀ láti kékeré. Nínú eré kẹta, ìgbọ̀nwọ́ ẹnì kan gbá ọ̀kan nínú wọn ní ẹ̀bátí. Atawẹ́wẹ́ ni wọ́n ń pè é, torí ó kéré, ó sì ta. Ó ṣubú, ó dìde, ó ní kò sí nǹkan. Kóòṣì mú un jáde. Ó sunkún, ó bẹ̀bẹ̀, ó nawọ́ sí pátákó àmì pé àwọn ọmọ ọ̀hún ti fẹ́ bá wọn. Kóòṣì fi tówẹ́ẹ̀lì tútù sí i lọ́rùn, ó ní kó jókòó. Àmì kan péré ni wọ́n fi fìdí rẹmi.

Lọ́jọ́ Ajé, bàbá ọmọ náà, tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, wá sílé-ìwé tìbínútìbínú.

"Tíṣà, ọmọ mi ò dákú, kò ṣẹ̀jẹ̀. Kí lẹ rí lára ẹ̀ tẹ́ ẹ fi gbé e jókòó bí aláìsàn?"

"Mi ò rí nǹkan kan, bàbá. Ohun tí mi ò rí yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n nà yín mọ́lẹ̀ lójú gbogbo ayé."

"Ẹ bínú sí mi, kò burú. Ọmọ yín wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ẹ jọ ń bínú sí mi ni. Bó ṣe wù mí kó rí nìyẹn."

Awakọ̀ náà wò ó títí, ẹ̀rín sì já mọ́ ọn lẹ́nu láìròtẹ́lẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni òòyì fi ń kọ́ Atawẹ́wẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, dókítà kọ̀wé, ó padà sí pápá. Láti ìgbà yẹn, kò sẹ́ni tó bá Sà Rọra jiyàn lórí òfin pupa mọ́.

Sátidé ni wọ́n gbá àṣekágbá. Ọdún mọ́kànlá ni Sà Rọra ti ń kọ́ ọmọ ní bọ́ọ̀lù, kò gba ife kankan rí. Ìyàwó rẹ̀ ti ṣọ́ọ̀bù, ó wá jókòó sí ìlà kẹta láàárín àwọn òǹwòran. Ọ̀gá ilé-ìwé wà níwájú pẹ̀lú gèlè ńlá. Ní abala kẹta, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ju bọ́ọ̀lù kan wọlé láti ẹ̀gbẹ́, gbogbo èèyàn sì dìde hó. Kò tíì tó ìṣẹ́jú kan lẹ́yìn náà tó fò láti mú èyí tó ta padà lára irin. Ọmọ mìíràn fò pẹ̀lú rẹ̀, ẹsẹ̀ wọn kọ́ra lókè, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ sì fẹ̀yìn balẹ̀. Ìpàkọ́ rẹ̀ gbá sìmẹ́ńtì. Ó dún kò, bí ìgbà tí èèyàn bá kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Kí rẹfirí tó fọn fèrè tán, kóòṣì ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọmọ náà ti dìde jókòó. Lókè lọ́hùn-ún, ìyàwó rẹ̀ ti dìde náà, ó ń wá ọ̀nà láàárín orúnkún àwọn èèyàn. Kóòṣì gbójú sókè, ó nawọ́ sí i pé kó jókòó, kò sí nǹkan. Obìnrin náà jókòó. Ta ló tún mọ̀ ọ́n ju Tíṣà rẹ̀ lọ?

"Ọjọ́ wo lòní?" ni kóòṣì bi ọmọ rẹ̀.

"Sátidé, Sà."

"Abala kelòó la wà?"

"Ìkẹta."

"Àmì mélòó la ní?"

Ọmọ náà ṣẹ́jú. "Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n."

Mẹ́rìndínlógójì ni wọ́n ní. Bọ́ọ̀lù tí òun fúnra rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jù wọlé ni kò rántí.

Atawẹ́wẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ó fa apá aṣọ kóòṣì díẹ̀. "Sà, mẹ́rìndínlógójì ni wá."

"Mo gbọ́," ni kóòṣì wí.

Ó mọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún yín pé kò mọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ò sọ bẹ́ẹ̀ rí. Ọwọ́ rẹ̀ ti wà léjìká ọmọ náà láti mú un jáde. Ìgbà náà ni ọmọ náà gbójú sókè, tó sọ ohun tí kò sọ rí nínú ọgbà ilé-ìwé.

"Bàámi," ó ní. "Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má yọ mí. Bàámi."

Òfin náà fọ́ sí méjì lọ́wọ́ ọkùnrin náà. Ó ní kó lọ jókòó ná fún ìgbà díẹ̀. Ìgbà díẹ̀ ò sí nínú òfin pupa. Ọmọ náà lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó mu omi, ó na ìka sókè, ó sì ki ohùn nípọn sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀: "Ẹ rọra jókòó o, bẹ́ǹṣì yẹn lè ṣubú!" Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Kóòṣì gbọ́ ẹ̀rín yẹn, ó sì kà á sí ìwé dókítà.

Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin, àmì wọn ti dọ́gba. Àwọn òǹwòran ń fẹsẹ̀ kilẹ̀, wọ́n ń pe Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Kóòṣì yíjú sí bẹ́ǹṣì.

"Ṣé orí ń fọ́ ọ?"

"Rárá o."

"Ṣé òótọ́ lo ń sọ?"

"Bàámi, òótọ́ ni."

Ó dá a padà. Atawẹ́wẹ́ wojú kóòṣì nígbà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń wọlé, kò sì sọ nǹkan kan.

Ọmọ náà ju méjì wọlé láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta, ó jù wọ́n bí ẹni ń ṣeré nílé. Lẹ́yìn náà ni bọ́ọ̀lù kan yí lọ sí igun pápá, tí òun àti ọmọ mìíràn jọ sáré tẹ̀ lé e. Èjìká ọmọ kejì yẹn kàn án lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí. Kò le. Rẹfirí ò tiẹ̀ fọn fèrè. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ rìn ìṣísẹ̀ mẹ́ta, ó dúró, ó bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ so bàtà, ó sì fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ bí ọmọ tí oorun ń kùn.

Gbogbo ohun tó kù, kóòṣì ṣe é bó ṣe yẹ. Kò jẹ́ kí wọ́n gbé e sókè gìrì. Ó di ọrùn rẹ̀ mú kó má yẹ̀. Ọkọ̀ tó máa gbé e lọ sí ilé ìwòsàn wà ní géètì, torí pé òun náà ló ní kí wọ́n gbé e síbẹ̀ láti àárọ̀. Gbogbo èèyàn ló rí bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ láìgbọ̀n. Ohun tí wọ́n sì ń sọ fún ara wọn nìyẹn títí wọ́n fi délé: pé bí kì í bá ṣe Sà Rọra ni, ọmọ náà ì bá ti kú.

Wọ́n ṣí agbárí rẹ̀, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ tó dì síbẹ̀ jáde. Ọjọ́ mọ́kànlá ni kò fi lajú. Ìyá rẹ̀ ò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ sí i ṣáá, ó ń sín àwọn oníbàárà jẹ, ohun tí kò ṣe rí láyé rẹ̀, torí ó rò pé bóyá ọmọ náà á jí láti tún un ṣe fún un. Àwọn olùkọ́ ń wá, àwọn òbí ń wá. Ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń sọ.

"Ẹ má da ara yín lẹ́bi, Sà. Kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ra tó yín. Bí àjálù bá máa dé, kò sí bá a ṣe fẹ́ ṣe é."

Ọ̀gá ilé-ìwé gbé ife wá nínú àpò. Wọ́n ti fòpin sí eré náà níbi tó dé, wọ́n sì fún àwọn tí àmì wọn pọ̀ jù ní ife. Kóòṣì wo orí ife náà tó ń dán nínú àpò.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e lọ," ó ní.

"Fún ọmọ yín ni, tó bá jí."

"Màdáámú, ẹ gbé e lọ."

Ká ní wọ́n ń bú u ni, ì bá rí ibi fara mọ́. Ìyìn yẹn ló ń gé e lẹ́ran. Ó rí i pé bó bá panu mọ́, òun á jẹ́ Sà Rọra títí dọjọ́ ikú. Atawẹ́wẹ́ nìkan ló tún mọ̀, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sì ni.

Ní ọjọ́ kẹfà, lọ́sàn-án, nígbà tí nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n jáde kí òun lè tún bẹ́ẹ̀dì ṣe, òun àti ìyàwó rẹ̀ dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Obìnrin náà ń ká aṣọ ìbora kan.

"Kò mọ iye àmì," ni kóòṣì wí.

"Ta ni?"

"Ọmọ wa. Nígbà tó kọ́kọ́ ṣubú. Mo bi í ní iye tá a ní, ó ṣì í. Mo mọ̀ pé ó ṣì í. Mo dá a padà."

Ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ dúró lórí aṣọ náà.

"Mo ti dìde," ó ní. "Mo ti ń bọ̀. Ẹ nawọ́ sí mi pé kí n jókòó."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Mo jókòó."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Tó bá jẹ́ ọmọ awakọ̀ yẹn ló ṣubú bẹ́ẹ̀ ńkọ́?"

Kò lè parọ́ fún un. "Ǹ bá ti yọ ọ́."

"Ẹ kúkú yọ ọ́ nígbà tiẹ̀. Ẹ yọ ọ́, ó sunkún, ó sì ń rìn kiri lónìí." Kò pariwo. Ohùn tó fi ń bá oníbàárà wọn aṣọ ló fi ń sọ ọ́. "Gbogbo ọmọ ọlọ́mọ lẹ̀ ń ṣọ́ bí ẹyin ojú. Tiwa nìkan ni ò tó nǹkan tí wọ́n ń ṣọ́."

"Kò rí bẹ́ẹ̀."

"Báwo ló ṣe wá rí?"

Ó ya ẹnu láti sọ pé ọmọ náà pe òun ní Bàámi. Ó wo ọ̀rọ̀ náà kó tó jáde, ó rí i pé orí ọmọ tó sùn nínú yàrá yẹn ni ẹ̀bi máa bọ́ sí. Ó gbé e mì.

"Mo fẹ́ ife," ó ní. Òótọ́ nìyẹn náà.

Ìyàwó rẹ̀ ká aṣọ náà tán, ó tún un ká, ó sì wọlé. Láti ọjọ́ yẹn, kò pè é ní Tíṣà mi mọ́.

Ó kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé fún ọ̀gá ilé-ìwé: ìbéèrè mẹ́ta, ìdáhùn mẹ́ta, èyí tí ọmọ ṣì, ìṣẹ́jú tó dá a padà. Ọ̀gá kà á tán, ó ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì.

"Ẹ̀yin ọkùnrin yìí, ta ló bi yín? Ṣé ìyà ò tíì tó yín ni?"

"Kóòṣì mìíràn á rí i kà, Màdáámú. Gbogbo wọn ló ń sọ pé mo tọ̀nà. Tí wọ́n bá gbà pé bí mo ṣe ṣe é yẹn ni wọ́n ń ṣe é, wọ́n á ṣe bẹ́ẹ̀."

Wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀. Wọ́n ní kó máa lọ sílé fún sáà kan, kò sì gbọdọ̀ kọ́ ọmọ kankan ní bọ́ọ̀lù mọ́. Kò bá wọn jiyàn.

Kí ìgbìmọ̀ tó jókòó ni awakọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù ti kanlẹ̀kùn ilé wọn ní ìdájí, kó tó gbéra lọ sí ìrìn àjò.

"Tíṣà, ọmọ mi ò jẹun. Ọjọ́ mẹ́ta nìyí. Ó ní òun lòun pa ọ̀rẹ́ òun."

Ó tẹ̀ lé e lọ. Atawẹ́wẹ́ káwọ́ mọ́ orúnkún lórí àga, ó kéré ju bó ṣe ń kéré tẹ́lẹ̀ lọ. Kóòṣì jókòó sílẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì kí ojú rẹ̀ má bàa ga ju tirẹ̀.

"Mo rí i, Sà," ni ọmọ náà wí. "Nígbà tó ń wọlé padà, mo rí i. Mi ò pariwo."

"Kí lo sọ fún mi nígbà tó ṣubú?"

"Mo ní mẹ́rìndínlógójì ni wá."

"Kí ni mo wí?"

"Ẹ ní ẹ ti gbọ́."

"Mo gbọ́ lóòótọ́. Ìwọ ọmọdé ṣe iṣẹ́ tìẹ. Èmi àgbàlagbà tó gbé fèrè kọ́rùn ni mi ò ṣe tèmi. Kò sí nǹkan tó yẹ kó o ṣe tó ò ṣe. Wò mí. Ṣé o gbọ́ mi?"

Ọmọ náà bú sẹ́kún. Bàbá rẹ̀ jáde síta, wọ́n gbọ́ bó ṣe ń fun imú lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Kò sọ fún kóòṣì pé ó ti rí èrè ohun tó ṣe. Ohun tó sọ nígbà tó padà wọlé ni pé Ọjọ́bọ̀ lòun máa ń sinmi, tí wọ́n bá nílò ẹni tó máa gbé wọn lọ ilé ìwòsàn, kí wọ́n pe òun.

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ jí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án lẹ́yìn àṣekágbá, ọkọ̀ awakọ̀ yẹn ló gbé e wálé. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ò lágbára mọ́, ẹsẹ̀ ọ̀tún ń wọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó ba ọkàn ìyá rẹ̀ jẹ́ jù ni ẹnu. Ọmọ tó ń sọ̀rọ̀ bí òjò ń rọ̀ sórí páànù wá ń ṣa ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣa òkúta lára ìrẹsì. Á bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn kan, á dúró, á wá ọ̀rọ̀ tì, á sì fi í sílẹ̀. Bó bá jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀ nísinsìnyí, ìró ẹ̀rọ nìkan ni wọ́n ń gbọ́.

Kò rántí nǹkan kan nípa ọjọ́ àṣekágbá. Ní ọjọ́ kẹta tó délé ló kọ́kọ́ bèèrè.

"Bàámi. Ta ló... ta ló borí?"

"Àwa ni."

Ó rẹ́rìn-ín. "Mo gbá a... dáadáa?"

"O gbá a dáadáa." Bàbá rẹ̀ jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. Ó sọ ìyókù fún un, láìfi nǹkan kan pa mọ́: bó ṣe ṣubú, bó ṣe ṣi iye àmì pè, bó ṣe bẹ òun, bí òun ṣe mọ̀ tí òun sì dá a padà.

Ọmọ náà yíjú sí i. "Èmi ni mo... bẹ̀ yín?"

"O bẹ̀ mí. Ọmọ lè bẹ̀bẹ̀. Bàbá ló yẹ kó kọ̀."

Ó na ọwọ́ òsì, ó fi kan orí bàbá rẹ̀. "Ẹ má sunkún," ó ní, odindi gbólóhùn náà láìdúró. Ọkùnrin náà dorí kodò, omijé ń kán sórí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó sì rò pé bóyá ìbẹ̀rẹ̀ ìtura rèé.

Ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn náà, nígbà tí wọ́n ń jẹ búrẹ́dì láàárọ̀, ọmọ náà gbójú sókè. "Bàámi. Ta ló borí?"

Kò rántí. Dókítà ti sọ pé bó ṣe máa rí nìyẹn fún ìgbà pípẹ́, pé ohun tuntun kì í dúró. Ìdáríjì náà ti bá a lọ. Bàbá rẹ̀ ní láti sọ ọ́ fún un lẹ́ẹ̀kan sí i, ọmọ náà sì gbọ́ ọ bí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí. Lọ́jọ́ yẹn, kò fọwọ́ kàn án lórí. Ó ní, "Ẹ mọ̀?" Bàbá rẹ̀ ní òun mọ̀. Ó kọjú sí ògiri títí di ọ̀sán.

Bó ṣe ń lọ nìyẹn, ọ̀sẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀. Nígbà mìíràn á rẹ́rìn-ín, á ní kí ó má sunkún. Nígbà mìíràn á sunkún fúnra rẹ̀, á máa wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ọjọ́ kan, ó fi ife omi sọ ọ́. Kò sí bí bàbá rẹ̀ ṣe lè mọ èyí tó máa bá pàdé. Kò sì parọ́ fún un lẹ́ẹ̀kan.

Ìyàwó rẹ̀, tó ń sùn sí yàrá ọmọ náà láti ìgbà tí wọ́n ti dé, tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ oògùn àti oúnjẹ nìkan ló ń bá ọkọ rẹ̀ sọ, pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan.

"Ẹ má sọ ọ́ fún un mọ́," ó ní.

"Tó bá bèèrè ńkọ́? Ṣé kí n parọ́?"

"Mi ò ní kẹ́ ẹ parọ́." Ó ń yọ òwú kan kúrò lára apá aṣọ rẹ̀. "Tó bá tún bèèrè, ẹ pè mí. Èmi ni màá sọ ọ́."

Kò bi í bó ṣe máa sọ ọ́. Ẹ̀rù bà á láti bi í.

Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà, ọmọ náà bèèrè. Ìyá rẹ̀ gbọ́ ọ látinú ṣọ́ọ̀bù, ó ní kó wá jókòó sórí àpótí. Kóòṣì dúró sẹ́yìn aṣọ ilẹ̀kùn.

"Ẹ̀yin lẹ borí," ni ìyá rẹ̀ wí. "O ṣubú, o forí gbálẹ̀. Bàbá ẹ yọ ọ́. O bẹ̀ ẹ́, ó dá ọ padà. Kò yẹ kó dá ọ padà. Ó mọ̀ pé kò yẹ. Ibẹ̀ ni nǹkan yìí ti ṣe ọ́."

Kò fi kún un, kò yọ kúrò nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ pé ọmọ náà bẹ̀bẹ̀, kóòṣì ò sọ ọ́ fún ìyàwó rẹ̀ rí. Ó ní láti jẹ́ pé ó ti gbọ́ ọ, lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ní ọ̀kan nínú àwọn ìgbà tó ń sọ ọ́ fún ọmọ.

Ọmọ náà wojú ìyá rẹ̀. "Ó ń dun... Bàámi?"

"Ó ń dùn ún."

"Ó ń dun ẹ̀yin náà?"

"Ó ń dùn mí," ni ìyá rẹ̀ wí. "Inú ń bí mi sí i, ó sì tún ń dùn mí fún un. Mi ò tíì mọ bí mo ṣe máa gbé méjèèjì. Mú òwú funfun yẹn fún mi. Rárá, ọwọ́ ọ̀tún ni kó o fi mú un. Máa gbìyànjú."

Ó pẹ́ kí òwú náà tó dé ọwọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

Kóòṣì dúró níbẹ̀ títí tó fi lè nu ojú rẹ̀ gbẹ. Ó ti tó àkókò tí ọmọ náà ń rìn, dókítà ti ní kó máa rìn lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Ó gbé bàtà rẹ̀ wọlé, ó kúnlẹ̀ níwájú àpótí, ó sì ń so ó fún un. Ìyàwó rẹ̀ ò gbójú kúrò lára aṣọ, ṣùgbọ́n ó sún ẹsẹ̀ rẹ̀ díẹ̀ kó lè ráyè. Bàbá àti ọmọ jáde sí òpópónà, ọmọ náà di apá bàbá rẹ̀ mú. Wọ́n kọjá ilé mẹ́ta, wọ́n dé ìdí òpó iná kejì, kó tó sọ pé ó ti rẹ òun.